Àwòrán tó rọ̀ bí ojú àlá: kí ni àṣírí àwọn lẹ́ńsì afọwọ́yí?

ÒdòdóNínúÌrì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aláwòrán. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní lẹ́ńsì Lensbaby Velvet 56, èyí tí ojú rẹ̀ ṣí dé f/1.6 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó). Kò ní fókọ́ọ̀sì aládàáṣe, ìyẹn ohun tó ń mú àwòrán mọ́ fúnra rẹ̀, rárá, ọwọ́ la fi ń yí gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwòrán tí àwọn ẹlòmíì fi irú lẹ́ńsì yìí yà. Ojú ènìyàn á mọ́ kedere, irun ìpéǹpéjú á ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bo ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé ojú àlá la ti rí i. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Ohun tí tèmi ń mú jáde kò jọ ọ́. Ní f/1.6, gbogbo rẹ̀ á ṣú bàìbàì bíi gíláàsì tí ooru omi gbígbóná bò. Tí mo bá pa ojú rẹ̀ dé f/8, ó mọ́ tónítóní, kò wá yàtọ̀ sí lẹ́ńsì tí mo ti ní tẹ́lẹ̀. Níbo ni ojú àlá yẹn wà láàrin méjèèjì? Òdòdó àti ojú ènìyàn ni mo máa ń yà jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn

Ẹ kú oríire lẹ́ńsì tuntun. Ìdáhùn ti wà nínú ohun tí ẹ kọ: ojú mọ́ kedere, ìmọ́lẹ̀ sì bo ara rẹ̀. Nǹkan méjì nìyẹn. Àwòrán tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì kò ní èyí àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rí bàìbàì lásán.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lẹ́ńsì. Bí wọ́n bá ṣe lẹ́ńsì kí ó lè mọ́, gbogbo ìtànṣán tó gba inú rẹ̀ kọjá, ì báà gba àárín, ì báà gba etí, ojú kan náà ló yẹ kí wọ́n ti pàdé. Ní ti Velvet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n má pàdé ni. Ìtànṣán tó gba etí gíláàsì máa ń tẹ̀ ju èyí tó gba àárín lọ, ó sì ń kóra jọ kí ó tó dé ibi tí ti àárín ń kóra jọ sí. Spherical aberration ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn ìtànṣán àárín ló ń ya àwòrán tó mọ́, àwọn ti etí ló ń da ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ lé e lórí. Àwòrán méjì ló wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan rọ̀, wọ́n jókòó lé ara wọn.

Òrùka aperture, ìyẹn èyí tó ń ṣí ojú lẹ́ńsì tó sì ń pa á dé, ló ń pín agbára láàrin àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ti ń pa á dé, etí gíláàsì lẹ ń dí, ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ náà á sì máa dín kù. Ní f/1.6, ti etí pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ti àárín mọ́lẹ̀. Ní f/2.8, ojú á ti mọ́, ìmọ́lẹ̀ á sì wà létí gbogbo ohun tó bá ń dán. Ní f/4 ó ku díẹ̀. Tó bá ti kọjá f/5.6, kò fi bẹ́ẹ̀ ku nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, ẹ má ti f/1.6 bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti f/4 bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i dájú pé fókọ́ọ̀sì yín jókòó dáadáa, kí ẹ wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tó wù yín.

Aláwòrán_Ayẹyẹ

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ènìyàn ni, mi ò kì í sábà kúrò láàrin f/2 sí f/2.8. Ẹyinjú tó sún mọ́ kámẹ́rà ni mo máa ń gbé fókọ́ọ̀sì lé. Bí ẹyinjú yẹn bá mọ́, ẹni tó ń wò ó á gba gbogbo ìyókù bó ṣe rọ̀. Bí ó bá jẹ́ imú ló mọ́ tí ojú sì ṣú, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè gba àwòrán yẹn là.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣe sí awọ ara. Ó máa ń mú kí ìlà àti àpá fúyẹ́ láì pa wọ́n rẹ́, awọ á ṣì jọ awọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà.

Atúnwòránṣe

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará. Kí ló dé tí a ó máa dá ara wa lágara? Lẹ́ńsì tó mọ́ ni mo fi ń yà, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe ìyókù. Mo á ṣe ẹ̀dà àwòrán náà lé orí ara rẹ̀, mo á fi Gaussian blur, ìyẹn ohun tó ń mú àwòrán ṣú bàìbàì, sí ti òkè, mo á yí bó ṣe ń dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ sí Screen kó lè mọ́lẹ̀ sí i, mo á wá dín agbára rẹ̀ kù títí yóò fi wù mí. Kì í gba àkókò. Bí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mo á yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ẹ fi lẹ́ńsì yà, kò ṣeé yọ mọ́ láéláé.

Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ oníbàárà yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n lè ní kí ẹ yí padà, ẹ fi lẹ́ńsì tó mọ́ ya díẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ láti inú fáìlì.

Ọ̀kan ni bí nǹkan ṣe jìnnà sí. Blur tí ẹ fi bo àwòrán, bákan náà ló ṣe bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́ńsì yìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fi ẹ̀yìn ṣe, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fi iwájú ṣe. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ibi tí fókọ́ọ̀sì wà máa ń yọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wo iná kékeré kan lẹ́yìn àwòrán: àárín rẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù, á sì máa ṣá lọ sí etí títí á fi wọ inú òkùnkùn láìsí ààlà. Tí iná kan náà bá wà níwájú fókọ́ọ̀sì, òdìkejì ni: etí rẹ̀ á le, á rí roboto bí òrùka. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra fún ewé tàbí ẹ̀ka tó bá wà láàrin èmi àti ohun tí mò ń yà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé àwọn ohun tó ń dán sí.

Èkejì ni ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Nínú fáìlì, òòrùn tó ń kọ mọ̀nà lórí omi àti bébà funfun lè ní iye kan náà, torí àwọn méjèèjì ti kan òkè, wọn ò lè funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà á ṣe tan wọ́n ká. Nínú lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ti òòrùn á tàn jìnnà, ti bébà kò ní tàn tó bẹ́ẹ̀.

Atúnwòránṣe

Ti òòrùn orí omi yẹn yé mi, ẹ ṣé. Fíltà tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ńkọ́? Òun náà ń ṣiṣẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó dé orí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà.

Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn

Ó sún mọ́ ọn dáadáa, mo sì máa ń dábàá rẹ̀ fún ẹni tí kò lè ṣe láìsí fókọ́ọ̀sì aládàáṣe. Ṣùgbọ́n bí fíltà bá ṣe lágbára tó lẹ ó ṣe lò ó. Ẹ ò lè fi òrùka kan máa dín in kù tàbí kí ẹ máa fi kún un bí ẹ ṣe ń ṣe pẹ̀lú Velvet, àfi kí ẹ tú u kí ẹ dé òmíràn. Kò sì ya iwájú sọ́tọ̀ sí ẹ̀yìn bí mo ṣe ṣàlàyé.

BàbáFílíìmù

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọdún 1863 ni Julia Margaret Cameron, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba kámẹ́rà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni ọdún 48 ni nígbà náà. Àwọn aláwòrán ìgbà ayé rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀ pé kò mọ́. Ìyá náà kò yí padà. Ó ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé bí òun bá ń yí fókọ́ọ̀sì, tí òun dé ibi tó rẹwà lójú òun, ibẹ̀ lòun ń dúró sí, òun kì í yí i kọjá ibẹ̀ lọ sí ibi tí gbogbo aláwòrán yòókù ń fi dandan lé. Ẹ wo àwòrán ojú ènìyàn tó yà dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni náà wà níbẹ̀ tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí yóò ní òun kò rí ojú.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí nílànà. Ilé iṣẹ́ Leitz ní Jámánì gbé Thambar jáde ní 1935, 90mm, f/2.2. Ohun ìyanu rẹ̀ ni fíltà kan tó bá a wá, tí àmì roboto kan dí àárín rẹ̀ pa. Ẹ rántí ohun tí Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn sọ nípa àárín àti etí. Fíltà yìí dí àárín, ìtànṣán etí nìkan ló wá ń wọlé dáadáa, àwòrán á sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Leica, orúkọ tí ilé iṣẹ́ Leitz ń jẹ́ báyìí, tún un ṣe jáde ní 2017. Rodenstock náà ní Imagon, èyí tí aláwòrán Heinrich Kühn lọ́wọ́ sí. Àwo tó ní ihò ńlá láàrin àti ihò wẹ́wẹ́ yí i ká ni wọ́n ń fi síwájú rẹ̀. Bí o bá yí àwo náà, àwọn ihò wẹ́wẹ́ á ṣí tàbí kí wọ́n dí, o sì ń yan bí ó ṣe máa rọ̀ tó. Minolta ṣe Varisoft 85mm f/2.8 ní 1978, òun ní òrùka tirẹ̀ fún rírọ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti aperture. Canon ṣe EF 135mm f/2.8 Softfocus ní 1987, fókọ́ọ̀sì aládàáṣe sì wà lára rẹ̀.

Ẹ má da àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ lẹ́ńsì Petzval o. Joseph Petzval ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní Vienna ní 1840, Voigtländer sì ṣe é jáde. Àárín tirẹ̀ mọ́ gan-an. Etí ló ń yí po, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń gbé ewé lẹ́yìn ẹni tí a ń yà. Helios 44-2 tí wọ́n ṣe ní Soviet, 58mm f/2, tí wọ́n ṣe ní àwòkọ Biotar ti Zeiss, máa ń ṣe irú yíyípo bẹ́ẹ̀. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àlá ọ̀tọ̀ ni.

ÒdòdóNínúÌrì

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì ti là mí lójú. Mo ti wá rí ibi tó wà báyìí láàrin f/2.5 sí f/2.8. Ìṣòro tó kù ni òdòdó. Tí mo bá sún mọ́ ọn, fókọ́ọ̀sì kì í dúró sójú kan. Ìlà pupa tí kámẹ́rà ń fi hàn pé ibí yìí ti mọ́, tí mo bá gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, kì í mọ́ níbẹ̀.

AyaÒdòdó

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹ pa ìlà pupa yẹn, ìyẹn focus peaking. Ibi tí dúdú àti funfun ti kọjú síra wọn gbọnin ló máa ń wá, lẹ́ńsì yín sì ti da ìmọ́lẹ̀ bo irú ibi bẹ́ẹ̀. Ó lè má rí i rárá, ó sì lè lọ mú ìmọ́lẹ̀ tó wà létí rẹ̀. Dípò rẹ̀, ẹ mú ibi tí ẹ fẹ́ kó mọ́ tóbi lójú viewfinder, ìyẹn ihò tí ẹ ń fi ojú wò lára kámẹ́rà. Ẹ máa yí òrùka náà ṣáájú díẹ̀, kí ẹ yí i padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ á mọ́ lójú kan náà. Ohun tí ẹ ń wá ni ìgbà tí ìlà tín-ín-rín kan á yọ láti inú kùrukùru náà: ẹsẹ̀ kòkòrò, etí ewé òdòdó, ẹyọ lẹ́búlẹ́bú kan láàrin òdòdó. Bó bá ti yọ, ẹ ti dé ibẹ̀.

Ẹ̀kejì, aperture tí ẹ fẹ́ fi ya àwòrán ni kí ẹ fi wá fókọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì máa ń dúró ní gbayawu títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì, Velvet kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá fókọ́ọ̀sì ní f/1.6 torí kó lè mọ́lẹ̀, tí ẹ wá pa á dé f/4, ibi tó mọ́ á ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìyàtọ̀ ìtànṣán àárín àti etí yẹn náà ló fà á. Lórí òdòdó, ìsúnsẹ́yìn kékeré yẹn tó láti gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lórí ìrì tó wà létí ewé lọ sórí ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má máa fi òrùka parí iṣẹ́ nígbà tí ẹ bá sún mọ́ nǹkan. Velvet 56 lè ya nǹkan dé ìdajì bó ṣe tóbi gan-an, ìyẹn ni pé ohun tó fẹ̀ ní 4 cm á gba 2 cm lórí sẹ́ńsọ̀. Ní irú ìsúnmọ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó mọ́ tín-ín-rín ju ohun tí ọwọ́ lè yí lọ. Ẹ yí òrùka dé ibi tí ẹ fẹ́ kí òdòdó tóbi dé, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá fi ara yín tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìlà yẹn ṣe ń yọ tó sì ń wọlé. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀léra bí ó ṣe ń kọjá, ẹ ó yan èyí tó dára nígbà tó bá yá. Mo fẹ́ràn èyí ju kí n gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí òdòdó dúró.

ÒdòdóNínúÌrì

Ẹ kú làálàá o. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kù. Mo ya òdòdó funfun kan lọ́sàn-án gangan, gbogbo rẹ̀ fọ́ funfun. Mo ya òmíràn lábẹ́ ibòji, ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìtànyòò kankan lára rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn

Ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ yẹn kì í hàn àyàfi níbi tí ohun tó ń dán bá ti kan ohun tó ṣókùnkùn. Funfun lórí funfun, kò ní ibi tí yóò ti hàn. Eérú lórí eérú lábẹ́ ibòji, kò ní ohun tí yóò tàn.

Ẹ gbìyànjú èyí. Kí òòrùn wà lẹ́yìn òdòdó tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó ti rẹlẹ̀. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ títí ohun tó ṣókùnkùn á fi wà lẹ́yìn rẹ̀: ìdí igi, ògiri tí òòrùn kò kàn, igbó tó wà nínú ibòji. Etí ewé òdòdó á mú iná, àwọn irun wẹ́wẹ́ ara igi rẹ̀ á fara hàn. Bí ẹyọ ìrì kan bá wà létí ewé, ẹ wò ó dáadáa. Ojú òòrùn kékeré kan á wà nínú rẹ̀ tó mọ́ ṣinṣin, ìmọ́lẹ̀ á sì tàn yí i ká, á rọra lọ parẹ́ sínú òkùnkùn ẹ̀yìn. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn tó fún odindi àwòrán.

Ẹ dín exposure, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà, kù díẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbésẹ̀ kan tàbí odindi ìgbésẹ̀, kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù má bàa fọ́ pátápátá. Ibi tó bá fọ́ kò ní àwọ̀ tí yóò tàn ká. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fa dúdú wálẹ̀ díẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ etí yẹn máa ń wọ inú ibi tó ṣókùnkùn, á sì mú un di eérú. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan sharpening, ìyẹn ohun tó ń mú etí nǹkan le sí i lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tí lẹ́ńsì ṣe ló máa fà ya.

Aláwòrán_Ayẹyẹ

Kí n fi kékeré kún un kí ẹ má bàa wá a kiri: kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé lẹ́ńsì wà lára òun. Ẹ wọ inú àkójọ ètò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbà láti yàwòrán láìsí lẹ́ńsì. Bí ó bá ní ohun tó ń dènà gbígbọ̀n nínú ara rẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ 56mm fún un. 56 gan-an ni o, kódà bí sẹ́ńsọ̀ yín bá kéré. Ẹ má ṣe ìsọdipúpọ̀ kankan.

AyaÒdòdó

Kí ẹ tún yí òrùka kékeré ẹ̀gbẹ́ viewfinder títí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ á fi mọ́ lójú yín. Ẹni tí viewfinder rẹ̀ kò bá ojú rẹ̀ mu á máa fi gbogbo ọjọ́ wá ohun tó ti rí.

ÒdòdóNínúÌrì

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ìrì yẹn jáde bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, inú mi dùn kọjá sísọ! Ìbéèrè kan péré ló kù: ọmọ kékeré tí kì í jókòó sójú kan ńkọ́? Ṣé kí n fi Velvet sílẹ̀ kí n padà sí lẹ́ńsì aládàáṣe mi?

Aláwòrán_Ayẹyẹ

Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní f/4, ó ṣì rọ̀ níbẹ̀, ibi tó mọ́ sì gbòòrò díẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọmọ náà yóò gbà kọjá, bí ẹnu ọ̀nà tí òòrùn ti ń wọlé, ẹ gbé fókọ́ọ̀sì lé ilẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan òrùka mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn yín. Bí ó bá ti ń bọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀léra kí ó tó dé ojú ibẹ̀ títí yóò fi kọjá. Ìyára shutter, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ó bá jókòó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tètè ṣí i sí f/2.8, kí ẹ tún fókọ́ọ̀sì wá lórí ojú rẹ̀.